Òwú Pupa Lẹ́nu Àpò

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ ní àdúgbò náà. Jẹ́-n-rí-i ni wọ́n ń pè é. Bí oníbàárà bá ní aṣọ òun pé ọ̀pá mẹ́ta, yóò ní, "Jẹ́ n rí i." Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀, yóò jáde síta, yóò gbójú sókè, kó tó kó aṣọ tó sá sórí okùn. Iṣẹ́ ìránṣọ ló ń ṣe. Kò lò ju ọdún méjì lọ nílé ìwé. Ara ìwé ìròyìn àtijọ́ tó fi ń gé àwòṣe aṣọ ló ti kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà, ó sì ti rí i níbẹ̀ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dùn jù lójú ewé kìíní ni wọ́n máa ń mú lọ sẹ́wọ̀n lójú ewé kẹta.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ Sátidé tí Ẹgbẹ́ Ìmọ́tótó kọ́kọ́ dé, tí gbogbo wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì aláìlápá aláwọ̀ ewé, tí olórí wọn, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, gun orí bẹ́ńṣì tó sì ní, "Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, àyíká wa ni dígí ọkàn wa," Jẹ́-n-rí-i kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Dígí tèmi wà lára ògiri," ó dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Àwọn oníbàárà ló ń wò ó."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn kò sì dùn mọ́ obìnrin náà nínú. Ẹni tí a bú tó ń rẹ́rìn-ín, ohun tó wá wá ṣì wà lápò rẹ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́ o, kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, wọ́n ro koríko ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ṣa ọ̀rá tó há sórí wáyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín àpò fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, funfun fún ohun tó ń jẹrà, búlúù fún ike, ọ̀rá àti agolo. Wọ́n ní ní gbogbo Sátidé, àwọn yóò kó àpò tó kún lọ sí ààtàn ìjọba, àwọn yóò sì fi òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà ojúlé sára àpò. Tirẹ̀ ni kẹrìnlá.

"Kí lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe lára pàǹtí?" ó bi àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni onídìrí tó ń lo ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà. Òun pẹ̀lú ti gba jákẹ́ẹ̀tì, orí oníbàárà ló sì wà tó wọ̀ ọ́ sọ́rùn.

"Ká lè mọ ilé tó ń ya pàǹtí sọ́tọ̀ dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"A ó yìn wọ́n."

"Àwọn tí kò yà á sọ́tọ̀ ńkọ́?"

Àbúrò rẹ̀ fi eyín di ìyàrí mú, ó ń dìrí lọ.

Jẹ́-n-rí-i ní ìdí tó fi ń béèrè. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ojú títì ńlá ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọkùnrin mẹ́ta wá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri, wọ́n ní ìlọsíwájú ń bọ̀. Ìlọsíwájú dé lóòótọ́, katapílà ló gùn wá. Ṣọ́ọ̀bù tó wà yìí ló sá wá, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, tí gọ́tà gba ẹ̀bá ìlẹ̀kùn kọjá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibẹ̀ nígbà náà. Ó fi igbá bu omi níbẹ̀, ó fi amọ̀ dí ihò eku, ó tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ògiri. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sókè ná.

Ní Sátidé kẹta, ó rí Olùkọ́ àti Baba Onílé, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, níwájú ibẹ̀. Baba Onílé fọwọ́ lé ìdí. Olùkọ́ na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ó sì ní, "Ibí yìí ló dáa jù." Baba Onílé mi orí. Nígbà tí wọ́n rí i lójú fèrèsé, àwọn méjèèjì kí i pa pọ̀, kíkí náà sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi iwájú wa ṣe?" ó bi àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Wọn ò tíì fẹnu kò, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò béèrè ibi tí wọ́n fẹnu kò sí. Ohun tó wà lẹ́nu wọn ni mo ń béèrè."

Àbúrò rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ pọn omi. Garawa méjèèjì ló sì kún.

Láti ọjọ́ yẹn ni Jẹ́-n-rí-i ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹnu àpò rẹ̀. Àwọn yòókù ń fi okùn so tiwọn. Òun mú abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán bẹ́ẹ̀dì, ó ti òwú pupa bọ̀ ọ́ ní ìlọ́po méjì, ó sì rán an bí ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń rán an. Abẹ́rẹ́ yóò lọ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, yóò padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, a ó sì ta kókó pamọ́ sábẹ́ etí. Kò sí aránṣọ mìíràn ládùúgbò tó ń rán an bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tú àpò náà wò, yóò mọ̀. Tí wọ́n bá gbé e lọ síbi tí wọn ò sọ, tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, yóò mọ̀.

"Pàǹtí lẹ̀ ń kanṣọ fún báyìí," ni àbúrò rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ò kúkú ṣe kọ́là sí i."

"Má yọ mí lẹ́nu. Tó bá dé ààtàn, ọrùn rẹ̀ á nà."

Ọmọlanke ló ń kó àwọn àpò náà lọ. Ọkùnrin tó ń tì í jẹ́ ẹni ogójì ọdún ó lé, tó máa ń dá orin kọ lábẹ́nu, tí kò sì sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ju "rọra" lọ. Ní gbogbo Sátidé, Ẹgbẹ́ Ìmọ́tótó yóò tò yí ọmọlanke náà ká, Olùkọ́ yóò gbé fóònù sókè, wọn yóò ya fọ́tò, ọmọlanke yóò gun òkè lọ, oníkálukú yóò sì lọ wẹ ọwọ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Kò tíì rọ̀ tó wákàtí kan tí omi fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́-n-rí-i gbé aṣọ àwọn oníbàárà sórí tábìlì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí àga, òun àti àbúrò rẹ̀ sì sáré jáde lọ wo ohun tó dí gọ́tà. Ó ki ọwọ́ bọ àárín àwọn irin tó dábùú ẹnu gọ́tà náà, ó fà, kò wá. Àbúrò rẹ̀ dì í mú láti ẹ̀yìn, wọ́n jọ fà á, ó já, àwọn méjèèjì sì fìdí jókòó sínú omi.

Àpò ni. Búlúù. Ìdí rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní rírán. Méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Nọ́ńbà kẹrìnlá.

Kò pariwo. Ó nu òwú náà pẹ̀lú àtàǹpàkò rẹ̀, ó nà án sí àbúrò rẹ̀ lójú.

"Sátidé tó kọjá lo bá wọn gbé èyí sórí ọmọlanke. Ojú mi ló ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òkè ló lọ. Báwo ló ṣe padà wálé?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Èmi mọ̀. Wọ́n fẹ́ kí omi lé mi jáde ni. Wọn ò fẹ́ fẹnu sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún ọ ní jákẹ́ẹ̀tì."

Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti bú sẹ́kún, tó sì tú ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì láti ọjọ́ yìí jáde. Ìjọba fẹ́ fún àdúgbò ní àpótí irin ńlá tí gbogbo ilé yóò máa da pàǹtí sí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ni Olùkọ́ fẹ́ gbé e sí. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò sì máa kó ìgbálẹ̀, ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀ sí.

"Àwa ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn á wá ibòmíràn fún wa. Ibi tó dáa."

"Ibi tó dáa ò lórúkọ?"

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi garawa gbọ́n omi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìpàdé wà lágbàlá Baba Onílé. Olùkọ́ ti to ìwé sórí tábìlì. Ó ní àpótí náà yóò jẹ́ ìràwọ̀ òwúrọ̀ fún àdúgbò, ó ní ìfara-ẹni-rúbọ díẹ̀ ló kù, ó sì wo ọ̀nà ibi tí Jẹ́-n-rí-i jókòó sí. Jẹ́-n-rí-i dìde. Ó tú aṣọ tó fi wé àpò náà, ó gbé e lé orí àwọn ìwé. Omi ẹrẹ̀ ń kán láti ìdí rẹ̀ sórí ìràwọ̀ òwúrọ̀.

"Àpò tẹ́ ẹ kó lọ sí ààtàn rèé," ó ní. "Ẹnu ọ̀nà mi ni mo ti rí i."

Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ìyá aránṣọ, ọ̀tá ìlọsíwájú pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan fẹ́ ba orúkọ wa jẹ́."

"Ọ̀tá ìlọsíwájú wo ló mọ bí mo ṣe ń rán?"

"Èmi kò sọ pé—"

"Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kékeré kan, Olùkọ́. Ẹ má fi ìràwọ̀ dá mi lóhùn. Ta ló ti dé ààtàn yẹn rí nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní òun rò pé akọ̀wé ti débẹ̀. Akọ̀wé ní òun rò pé Olùkọ́ ti débẹ̀. Olùkọ́ da awò ojú padà sójú.

Baba Onílé ló fọhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. "Ìwọ, tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló da àpò yìí síbẹ̀, wàá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kóṣù tó parí, wọn á sì gbé àpótí wọn síbẹ̀. Ẹ̀yin, Olùkọ́, tó bá jẹ́ látọ̀dọ̀ yín ló ti wá, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àpótí níwájú rẹ̀ mọ́. Ó yé yín?"

"Ó yé mi," ni Jẹ́-n-rí-i wí. "Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti Olùkọ́ la jọ máa tẹ̀ lé ọmọlanke. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọkùnrin náà."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò gbádùn ara rẹ̀. Ó gé apá aṣọ kan ní òdì. Bí àbúrò rẹ̀ bá jáde, yóò wo ọ̀nà tó gbà lọ, bóyá ilé Olùkọ́ ni. Ó ń wo igun ṣọ́ọ̀bù, ibi tí ẹ̀rọ ti gbẹ́ ilẹ̀ sí láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé bóyá ẹnu òun ti ta òun nù.

Ní Sátidé, Olùkọ́ dé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn.

"Ẹ bọ́ ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ewé kì í rìn lójú títì."

Ó bọ́ ọ, ó ká a sábẹ́ apá. Jẹ́-n-rí-i gbé aṣọ oníbàárà kan kọ́ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ fi jíṣẹ́. Wọ́n jẹ́ kí ọmọlanke fi bí ilé mẹ́wàá ṣíwájú, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Jẹ́-n-rí-i ń wo Olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, bóyá yóò wúkọ́, bóyá yóò ju ọwọ́ sí ọkùnrin náà. Olùkọ́ ń mí gulegule ni. Òkè náà ga.

Ọmọlanke dé géètì ààtàn. Géètì wà ní títì. Ọkùnrin náà ṣa òkúta, ó fi kan irin náà, gbàn, gbàn, gbàn. Ó dúró títí. Ó jókòó lé ọwọ́ ọmọlanke. Ó dìde, ó tún kàn án. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ nu ojú, ó yí ọmọlanke padà, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ìlagi kan tí wọ́n ti pa tì. Ọ̀gbun kan wà níbẹ̀, orísun gọ́tà tó ń ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó gbé àpò kìíní, ó jù ú sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Jẹ́-n-rí-i wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò ta gìrì. Ó wo Jẹ́-n-rí-i, ó wo Olùkọ́. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé o."

"Kí ló dé tí o fi ń dà á síbí?" ni Olùkọ́ béèrè. Ohùn rẹ̀ kò dùn bíi ti orí bẹ́ńṣì mọ́.

"Wọn kì í ṣí i ní Sátidé, sà. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni. Mo sọ fún yín."

"Ìgbà wo?"

"Sátidé kejì. Mo ní, sà, géètì yẹn, wọn kì í ṣí i lónìí. Ẹ ní kí n dúró jẹ́ẹ́, kí n má mira, ẹ̀ ń ya fọ́tò mi. Mo tún sọ ọ́ ní Sátidé kẹta. Ẹ ní ká ní sùúrù, pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Àpò tó lé ní ogún ló wà lórí ọmọlanke. Ṣé ilé mi ni kí n kó o lọ?"

Olùkọ́ yọ fóònù. Ó wá a títí, ó dúró lórí fọ́tò kan.

"Ẹ jẹ́ n rí i," ni obìnrin náà wí.

Ó rí i. Àwọn aláṣọ ewé tò gbọọrọ, gbogbo eyín wà níta. Láàárín wọn ni ọlọ́mọlanke wà, ojú rẹ̀ kò wo fóònù. Olùkọ́ ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan nà sí ọ̀nà òkè.

"Ọ̀rọ̀ náà rèé lẹ́nu rẹ̀," ni Jẹ́-n-rí-i wí. "Ẹ yà á, ẹ ò gbọ́ ọ."

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó ti jàre, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó sún mọ́ etí ọ̀gbun láti wo iye àpò tó wà nísàlẹ̀, kó lè rí ẹjọ́ rò dáadáa níwájú Baba Onílé. Ó rí àpò búlúù, ó rí funfun. Lábẹ́ wọn, níbi tí òjò ti fọ ilẹ̀ lọ, ó rí aṣọ. Àjákù aṣọ ni, òkìtì rẹ̀ ti dì mọ́ ẹrẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ òféfèé tó ní ẹyẹ dúdú lára. Ó mọ aṣọ náà. Nọ́ọ̀sì kan ló rán an fún, ó ti tó ọdún mẹ́fà, ọrùn rẹ̀ ló gé lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ sí i. Ọrùn tó gé bàjẹ́ nìyẹn, ó ṣì rí roboto bó ṣe gé e.

Kí Ẹgbẹ́ Ìmọ́tótó tó dé, tí àjákù aṣọ bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́mọlanke tó bá ń kọjá ló máa ń nawọ́ sí. "Bá mi gbé e lọ síwájú," ni yóò wí, yóò sì padà sídìí ẹ̀rọ. Òun tó ń jáde lọ wo òjò kó tó gbà pé ó ń bọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò bi ẹnì kankan pé níbo ni síwájú.

"Olùkọ́," ó ní. "Aṣọ ẹlẹ́yẹ yẹn, èmi ni mo ni ín. Ó ṣáájú ẹgbẹ́ yín."

Olùkọ́ wo aṣọ náà. Ó la ẹnu, obìnrin náà sì múra láti gbọ́ ti dígí ọkàn. Ṣùgbọ́n ó pa á dé. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun náà, ó sì ń gbé àpò sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹ́-n-rí-i fi aṣọ oníbàárà kọ́ ẹ̀ka igi, ó tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ni wọ́n tó tò wọ́n sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lágbàlá Baba Onílé lọ́jọ́ kejì kò pọ̀. Ó sọ ohun tó rí, ó sì fi aṣọ ẹlẹ́yẹ náà kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í. Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí àpótí yóò wà, ó ní, "Tó bá dáa bí wọ́n ṣe wí, kó wà lẹ́nu géètì Olùkọ́."

Àwọn èèyàn wo Olùkọ́. Ó ní kò burú. Láti ìgbà náà, tí pàǹtí bá pẹ́, pálọ̀ rẹ̀ ni òórùn ń kọ́kọ́ kí, nítorí náà kì í jẹ́ kó pẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kó o báyìí. Àbúrò rẹ̀ mú jákẹ́ẹ̀tì kan wá fún un. Jẹ́-n-rí-i yẹ èjìká rẹ̀ wò, ó ní ìrán rẹ̀ kò dáa, ó tún un rán, ó sì fi kọ́ ìṣó. Kò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń rán ẹnu gbogbo àpò àdúgbò, méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, òun ló sì ń bá ọlọ́mọlanke gun òkè.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, géètì ṣí. Ẹ̀ṣọ́ ààtàn jẹ́ kí wọ́n wọlé, ó nawọ́ sí ibi tí wọn yóò tò wọ́n sí. Jẹ́-n-rí-i ka ẹnu pupa mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n pé.

"Ó parí, ìyá," ni ẹ̀ṣọ́ náà wí. "Ẹ lè máa lọ sílé. Ọkọ̀ ńlá á wá kó o lọ́sàn-án."

"Lọ síbo?"

Ọkùnrin náà yí ọwọ́ sí ọ̀nà ibì kan. "Síwájú."

Jẹ́-n-rí-i wò ó. Ó ní kí ọlọ́mọlanke máa lọ, kó sọ fún àbúrò òun pé kó bá òun ti ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló fa bẹ́ńṣì ẹ̀ṣọ́ náà sábẹ́ ibòòji, ó nu ekuru orí rẹ̀, ó sì jókòó de ọkọ̀.